Lógò ẹgbẹ́ yín: Canva, dìsáínà, àbí àwọn atẹ̀wé? Bí mo ṣe fi wọ́n wéra rèé

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe alukoro ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní Èkó kí n tó gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, gbogbo ohun tí ará ìta fi ń dá ẹgbẹ́ wa mọ̀, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá: lógò, báńà, fúláyà orí WhatsApp, pólò àjọ̀dún, lẹ́tà tí a kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, káàdì ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn NGO kéékèèké méjì-mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá bá àwọn wo tiwọn, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn máa ń bi mí: ṣé ká ṣe é fúnra wa lórí Canva, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe dìsáínì, ni, àbí ká wá dìsáínà, àbí ká kàn ní kí àwọn tó ń bá wa tẹ̀wé ṣe é mọ́ iṣẹ́ tí a gbé fún wọn? Ẹ jẹ́ n fi wọ́n wéra bí mo ṣe rí i, torí owó tí à ń sọ yìí, owó dáwó ni. Owó ìyá tó ń ta ata wà nínú ẹ̀, owó ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ òru ní London wà nínú ẹ̀, kò yẹ kó ṣòfò.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú nìyí. Ọdún kan a fẹ́ ṣe pólò 120 fún àjọ̀dún. Mo gbé lógò wa lọ sí Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí ní Èkó, ojúlé sí ojúlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ sí i, ó fà á tóbi díẹ̀, etí adé inú lógò náà bá rí bí àkàsọ̀, ó tún fà á, gbogbo ẹ̀ di búlọ́ọ̀kù kéékèèké. Ó yíjú sí mi, ó ní, “Àǹtí, kò sí fáìlì míì ni? JPEG lèyí, WhatsApp ló sì gbà wá.” Mo ní kó dúró, mo pe ẹni tó ṣe lógò náà fún wa ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Ó gbé e, ó kí mi dáadáa, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí laptop yẹn o, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́.” Ló bá di pé kí ọmọ Ṣómólú yẹn jókòó tún gbogbo ẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko, èmi náà jókòó tì í. Adé náà kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé ẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí pólò dé ìpàdé, Bàbá Alága gbé ọ̀kan sókè, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹgbẹ́ wa nìyí?”

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá fẹ́ fi ọ̀nà méjì wéra, ẹwà kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ohun tí mo ń wò ni pé bí ẹni tó ṣe é bá kúrò nílùú lọ́la, kí ló máa kù sí wa lọ́wọ́.

Canva àti dìsáínà

Canva, Australia ló ti wá, 2013 ló jáde, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, akọ̀wé yín tí kò kọ́ iṣẹ́ dìsáínì rí lè fi ṣe fúláyà ìpàdé kí omi ẹ̀bà tó hó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò mọ̀ ni pé wọ́n ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àjọ tí kì í ṣe torí èrè, Canva for Nonprofits lorúkọ ẹ̀, ó gba tó èèyàn 50 lórí àkáǹtì kan, ohun tí àwọn tó ń sanwó oṣooṣù ń rí ni ẹ̀yin náà ó sì máa rí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín ni wọ́n máa bèèrè. Ẹgbẹ́ tó bá ti gba ìwé CAC níbí (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀, ẹ má jókòó sórí èyí tó wà fún gbogbo ayé, torí ìyẹn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé lógò jáde láìní ẹ̀yìn funfun, kò sì ní fún yín ní SVG (irú fáìlì tó ṣeé fà tóbi láìbàjẹ́), ohun méjì yìí lẹ sì máa nílò jù bó bá ti di ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé.

Dìsáínà ní tiẹ̀ máa gba owó, ó máa gba àkókò, nígbà míì ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n dìsáínà tó mọṣẹ́, ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ bi yín kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: ta lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún, ibo ni wọ́n ti máa ń rí yín jù, ṣé lórí aṣọ ni àbí lórí ìwé, kí ni ìlú yín fi ń jẹ́ ìlú yín. Èyí tó bá gba orúkọ ẹgbẹ́ lẹ́nu yín láàárọ̀ tó sì fi lógò mẹ́rin ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, ẹ ṣọ́ra, ibì kan ló ti kó wọn.

Ibi tí Canva ti ṣubú lójú mi ni lógò gan-an. Tẹ́ńpílétì tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i. Mo dé ìpàdé kan tí àwọn NGO méjì gbé báńà wá, ọwọ́ méjì tó di ayé mú, kan náà gẹ́lẹ́, ló wà lórí báńà àwọn méjèèjì, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀, inú àwọn méjèèjì ò sì dùn rárá. Òfin Canva fúnra ẹ̀ sọ ọ́ pé ẹ ò lè mú àwòrán inú àpótí wọn ṣe lógò kẹ́ ẹ wá lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí àmì tiyín nìkan, fọ́ǹtì (irú ìkọ̀wé lẹ́tà) àti ìlà àti àwọn ìrísí lásán bíi róbótó àti onígun mẹ́rin ni wọ́n gbà yín láyè láti fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ibi tí dìsáínà náà ti ń ṣubú, ojoojúmọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bójú tó ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n: wọ́n yí ìpàdé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ ní láti yí fúláyà, ẹ pe dìsáínà, kò gbé e, ẹ tún pè é, ó ní òun wà níbi ìgbéyàwó. Fún irú iṣẹ́ yẹn, Canva ló dáa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Torí náà èmi kì í yan ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Lógò, ẹ gbé e fún dìsáínà, ẹ san owó gidi fún un, torí ẹ̀ẹ̀kan ni láàárín ọdún mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ẹ gbé lógò yẹn àti àwọ̀ yín àti fọ́ǹtì yín sínú Canva, kí akọ̀wé àti alukoro máa fi ṣe ti ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe òdì ẹ̀, tó fi Canva ṣe lógò tó wá ń sanwó fún dìsáínà lórí gbogbo fúláyà, owó ibẹ̀ máa pọ̀ ju èyí tí wọ́n rò pé àwọn tọ́jú lọ.

Àwọn atẹ̀wé, ọmọ ẹgbẹ́, àti ìdíje

Àwọn atẹ̀wé ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ dìsáínà orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní: wọ́n mọ ohun tí íńkì máa ṣe. Wọ́n á sọ fún yín pé ìlà yìí tín-ín-rín jù, kò ní hàn lára aṣọ, òótọ́ sì ni. CorelDRAW, sọ́fúwíà ìyàwòrán kan, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, wọ́n yára lórí ẹ̀ bíi pé wọ́n ń jó. Bẹ́ ẹ bá gbé ìwé tàbí báńà wá, wọ́n lè má gba owó dìsáínì rárá. Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ní ìdè lẹ́sẹ̀: fáìlì náà ọ̀dọ̀ wọn ló ń wà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ nǹkan míì lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà lẹ máa padà sí, iye tí wọ́n bá sì pè lẹ máa san. Àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe é, orí Google ni wọ́n sábà máa ń ti fà á wá, ẹ ò mọ ẹni tó ni ín.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ dìsáínì, tàbí ọmọ ọmọ ẹgbẹ́, ìfẹ́ ló máa fi ṣe é, ó mọ ìlú, ẹ ò ní máa ṣàlàyé ohun tí odò yín túmọ̀ sí fún un. Ohun tó nira níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣòro láti dá padà. Ta ló máa dìde nípàdé sọ fún ìyá ọmọ náà pé kò dáa tó? Bẹ́ẹ̀ lẹ máa fara mọ́ ọn fún ọdún mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ fún ọmọ náà ní owó díẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ owó dátà àti ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì yan ẹni mẹ́ta péré tó máa bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo ilé. Owó díẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ pé “jọ̀ọ́, bá wa tún ibi báyìí ṣe.” Àwọn àjọ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ tún lè wo UN Volunteers, wọ́n ní ètò tí èèyàn láti ibi gbogbo ń gbà bá àjọ ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba owó, dìsáínì sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ìdíje, pé kí ogún ọ̀dọ́ mú lógò wá ká mú ọ̀kan, mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló ṣiṣẹ́ lásán, ẹgbẹ́ tó ní òun ń ran ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ló sì lo wọn bẹ́ẹ̀.

Irú lógò wo?

Àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa fẹ́ràn báàjì ńlá. Adé wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, igi ọ̀pẹ, ìwé tó ṣí sílẹ̀, ọkọ́, ọwọ́ méjì tó so pọ̀, rìbọ́n lábẹ́ tí wọ́n kọ àkọlé ẹgbẹ́ sí, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Mo mọ ìdí tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan fẹ́ rí ara ẹ̀ níbẹ̀, ó sì tọ́, torí wọ́n jọ dá owó ni. Àwọn NGO ìgbàlódé ní tiwọn fẹ́ràn orúkọ nìkan tí wọ́n kọ dáadáa, tàbí àmì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó máa bá yín kalẹ́, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì. Ẹ tẹ lógò náà sórí ìwé ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, ẹ fọtokọ́pì ẹ̀, ẹ tún fọtokọ́pì fọtokọ́pì yẹn. Èmi ṣe é fún tiwa. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kejì fi máa jáde, odò ti lẹ̀ mọ́ ìwé, ọwọ́ méjì yẹn ti di kókó dúdú kan, lẹ́tà inú rìbọ́n ò ṣeé kà mọ́, adé nìkan ló ṣì ń jẹ́ adé. Bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà wa ṣe máa ń rí nígbà tó bá fi máa dé orí tábìlì ẹni kẹta ní sẹkiteríátì, torí kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n ń gbé kiri, fọtokọ́pì ni.

Ohun tí a ṣe ni pé a ò ju báàjì nù. A fi í sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí, fún àkọsórí lẹ́tà, fún ògiri gbọ̀ngàn. A wá yọ adé nìkan kúrò nínú ẹ̀, a jẹ́ kí dìsáínà tún un yà ní ìlà tó nípọn, ìyẹn la ń lò fún òǹtẹ̀, fún fìlà, fún àwòrán orí WhatsApp. Inú àwọn àgbà dùn torí kò sí àdúgbò tí a yọ kúrò, inú àwa náà dùn torí nǹkan wa ń hàn. Àwòrán WhatsApp àti Facebook yẹn, róbótó ni wọ́n ń gé e, lógò tó bá jẹ́ orúkọ gígùn máa pàdánù orí àti ìdí, ẹ rántí ìyẹn bẹ́ ẹ bá fẹ́ yan orúkọ nìkan.

Kì í ṣe àwa tálákà nìkan ló ń ro owó ìtẹ̀wé o. WWF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1961, Peter Scott ló ya panda wọn, wọ́n wo ẹranko kan tó ń jẹ́ Chi-Chi ní ọgbà ẹranko London, lára ìdí tí wọ́n sì fi mú panda ni pé dúdú àti funfun ni, kò ní ná wọn lówó púpọ̀ láti tẹ̀. Títí dòní panda náà ni, wọ́n kàn ń tún un yà ni, kò sì sẹ́ni tó rí i tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tí mo máa ń yọ kúrò nínú lógò ni nọ́ńbà. Nọ́ńbà CAC, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, ìsàlẹ̀ ìwé ni ààyè wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ ní England tàbí Wales, bí owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ yín bá ti ju £10,000 lọ lọ́dún, òfin ní kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sórí ìwé yín pé charity tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni yín, ṣùgbọ́n kò ní kẹ́ ẹ kì í mọ́ inú lógò.

Fọ́ǹtì, ibi tó ń dùn mí jù

A ṣe ètò kan fún àwọn àgbàlagbà ìlú, oúnjẹ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe báńà ni “Ọ̀wọ̀ ni fún àgbà.” Fọ́ǹtì tó yàn rẹwà, ó ní ìrù gígùn, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀ tó ní àmì nísàlẹ̀. Nígbà tí báńà fi máa délẹ̀, “OWO NI FUN AGBA” ló wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà, a gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn torí kò sí àyè láti tẹ òmíì. Bàbá méjì ló wá bá mi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rọra bi mí pé aago mélòó ni wọ́n máa pín owó náà. Ojú tì mí, ó sì dùn mí, torí ẹni àádọ́rin ọdún ló fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé nítorí àmì kan tí a ò fi sábẹ́ lẹ́tà.

Owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀. Àmì yẹn ni ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀.

Ohun tó ń fa ìṣòro náà ni pé nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, Unicode, ẹ àti ọ àti ṣ wà gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò sí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà àti àmì ohùn la máa ń so pọ̀, fọ́ǹtì náà ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé ohùn yẹn kà. Fọ́ǹtì tí ẹni tó ṣe é ò bá ronú kàn wá, ohùn á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí àpótí kékeré á jáde, tàbí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn á yọ bíi fọ́ǹtì mìíràn láàárín àwọn yòókù.

Bí mo ṣe fi wọ́n wéra: Noto Sans, ti Google ni, ọ̀fẹ́ ni, ohùn ń jókòó dáadáa, òun ni mo fẹ́ràn jù fún báńà àti fúláyà torí ó ń ṣeé kà lókèèrè. Gentium àti Charis, SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ló ṣe wọ́n, ọ̀fẹ́ náà ni, wọ́n rí bíi lẹ́tà inú ìwé, wọ́n dáa fún lẹ́tà ẹgbẹ́ àti ìwé ẹ̀rí, àmọ́ lórí báńà wọ́n tín-ín-rín díẹ̀. Àwọn fọ́ǹtì onírù, onídòdò, tí àwọn dìsáínà fẹ́ràn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ inú lógò ni wọ́n ti fẹ́ lò ó, dìsáínà lè fọwọ́ ya àmì náà sí i, kò burú, torí lógò ti di àwòrán nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fọwọ́ ya àmì sí gbogbo ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbà fọ́ǹtì kankan, ẹ ní kí dìsáínà tẹ Ẹ́ ẹ̀ Ọ́ ọ̀ Ṣ ṣ ń fún yín, kó sì fi hàn yín. Ìṣẹ́jú kan ni.

Àwọ̀, ìwé, aṣọ

Fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe àwọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fi íńkì ṣe é, wọn ò lè bára mu délẹ̀. Búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń tàn yanran lórí fóònù, tó bá dé orí ìwé, ó máa rọlẹ̀. Torí náà ẹ gba nọ́ńbà méjèèjì lọ́wọ́ dìsáínà: ti RGB fún fóònù, èyí tó ní àmì # níwájú lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà, àti ti CMYK fún àwọn atẹ̀wé. Láìsí nọ́ńbà yìí, atẹ̀wé kọ̀ọ̀kan máa fojú díwọ̀n tiẹ̀, ẹ sì máa ní àwọ̀ ewé márùn-ún lọ́dún márùn-ún. Kẹ́ ẹ má lò ju àwọ̀ méjì lọ nínú lógò, yàtọ̀ sí dúdú àti funfun. Lẹ́tà yẹ́lò lórí funfun, ẹ má dán an wò. Ìlànà WCAG tí àwọn oníwẹ́ẹ̀bù ń tẹ̀ lé ní kí ìyàtọ̀ àárín lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn ẹ̀ tó 4.5 sí 1, yẹ́lò lórí funfun kò sún mọ́ ọn rárá, àwọn àgbàlagbà wa tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì ló sì ń jìyà ẹ̀.

Lórí aṣọ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Screen print, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀n tiẹ̀, owó àwọn àwọ̀n yẹn lẹ kọ́kọ́ ń san, torí náà bí aṣọ bá pọ̀ tí àwọ̀ sì kéré, òun ló rọjú jù, ó sì ń pẹ́ lára aṣọ. DTF, orí ọ̀rá ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó fi ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, iye àwọ̀ ò já mọ́ nǹkan kan fún un, bẹ́ ẹ bá fẹ́ pólò mẹ́wàá péré òun ni kẹ́ ẹ lọ bá, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fi ooru tó tọ́ lẹ̀ ẹ́, ó máa bó. Mónógíráàmù ló ní iyì jù, òun ló yẹ fìlà àti àyà pólò àwọn aláṣẹ, ṣùgbọ́n òwú ni, lẹ́tà kéékèèké máa dí pa, báàjì ńlá yẹn ò ní bá a lọ láéláé. Adé nìkan ló gbà á fún wa.

Báńà flex, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn owó ẹ̀, kò ní wàhálà púpọ̀, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Ìwé ọwọ́ ló nílò kí fọ́tò tó wà nínú ẹ̀ tó 300 dpi, ìyẹn àmì kéékèèké 300 nínú íǹṣì kan.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín, àti ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀

JPEG àti PNG, àmì kéékèèké ni wọ́n kó jọ, bẹ́ ẹ bá fà á, àmì yẹn ló ń tóbi, ìyẹn lẹ ṣe ń rí búlọ́ọ̀kù. SVG, àti PDF tí wọ́n bá gbé jáde láti inú Illustrator, CorelDRAW tàbí Inkscape, ìlà ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ń tún ìlà náà yà ní ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá fẹ́, látorí bíìrò títí dé ara ọkọ̀. PNG tí kò lẹ́yìn funfun fún WhatsApp àti Canva, SVG àti PDF fún atẹ̀wé, kẹ́ ẹ tún gba fáìlì ìpìlẹ̀ tí dìsáínà ti ṣiṣẹ́. Ẹ gbà á ní àwọ̀, ẹ gbà á ní dúdú nìkan, ẹ gbà á ní funfun nìkan fún orí aṣọ dúdú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, document ni kẹ́ ẹ fi í ṣe, má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Inkscape yẹn ọ̀fẹ́ ni, bí dìsáínà bá fún yín ní SVG, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè ṣí i láìra sọ́fúwíà kankan.

Nípa òfin, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rò pé bí àwọn bá ti sanwó, àwọn ló ni lógò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ àfi tó bá fi ìwé gbé e lé yín lọ́wọ́. Ìwé kékeré ni, ìpínrọ̀ kan tó: orúkọ ẹni tó ṣe é, orúkọ ẹgbẹ́, pé òun gbé gbogbo ẹ̀tọ́ lógò yìí fún ẹgbẹ́, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé. Èmi kì í san owó ìkẹyìn títí ìwé yẹn àti fáìlì yóò fi dé ọwọ́ mi. Orúkọ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní CAC, orúkọ ló dáàbò bò, kì í ṣe àwòrán. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí òfin dáàbò bo lógò gan-an bí àmì, ọ́fíìsì trademark l’Ábújá lẹ máa lọ, ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Ẹgbẹ́ àdúgbò kékeré ò nílò ẹ̀ lójú tèmi. NGO tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìta nílò ẹ̀, torí àwọn oníjìbìtì lè fi lógò yẹn tọrọ owó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ètò ìlera, ẹ jọ̀ọ́, àgbélébùú pupa lórí funfun yẹn, ẹ má fi ṣe lógò. Red Cross ló ni ín, àdéhùn Geneva ti 1949 dáàbò bò ó, ìdí tó sì fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé lójú ogun, àmì yẹn ló ń sọ fún ẹni tó gbé ìbọn pé kó má yìn ín síbẹ̀. Bí gbogbo kẹ́míìsì bá ń lò ó, ìtumọ̀ ẹ̀ á máa dín kù. Ewé, ọkàn, ọwọ́, àgbélébùú aláwọ̀ ewé, ọ̀nà pọ̀.

Bó bá jẹ́ pé owó yín ò tó nǹkan kan báyìí, ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ní Noto Sans tó nípọn, àwọ̀ kan, lórí Canva, ẹ má fi àwòrán kankan sí i, ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí owó dìsáínà á fi pé, ó sàn ju tẹ́ńpílétì ọwọ́-di-ayé-mú lọ. Bó bá ti pé, ẹ ṣe lógò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gba gbogbo fáìlì. Tiwa wà nínú flash tó wà lọ́dọ̀ akápò, ó wà nínú Google Drive ẹgbẹ́, tí kì í ṣe ti ẹnì kan, ó sì wà nínú ímeèlì akọ̀wé.

Mo padà sí Ṣómólú lọ́dún tó kọjá, torí àwọn fìlà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí ṣì wà lórí àga ẹ̀. Ó ṣí SVG wa, ó fà á, ó tún fà á títí adé yẹn fi kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, etí ẹ̀ ń dán, ó mọ́ kedere. Ó ní, “Àǹtí, èyí dáa. Mélòó lẹ fẹ́?”